Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀rọ etí ń ṣiṣẹ́ fún Màámi lóòótọ́?

Olùbéèrè: Ẹ n lẹ́ o gbogbo ilé, ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ ìmọ̀ràn. Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ etí, etí méjèèjì. Nígbà tá a padà lọ fún àyẹ̀wò, audiologist, ìyẹn ẹni tó ń yẹ etí wò, ní kí wọ́n jókòó sínú yàrá tí ariwo ò wọ̀ yẹn, kí wọ́n máa tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n bá ti gbọ́ ohùn, ó wá fi gráàfù hàn wá lórí kọ̀ǹpútà pé ìlà ti gòkè gan-an, pé ó ti dáa. Àmọ́ nílé, tí èèyàn mẹ́ta bá ti ń sọ̀rọ̀ pọ̀ Màámi á kàn máa mi orí ni, tá a bá rẹ́rìn-ín àwọn náà á rẹ́rìn-ín, mo sì mọ̀ pé wọn ò gbọ́ nǹkan tá a sọ. Èwo ni ká gbà gbọ́ báyìí, gráàfù ni àbí ohun tá à ń fojú rí?

Ìdáhùn 1: Àǹtí mi, ẹ kú ìtọ́jú Màámi o. Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe. Gráàfù yẹn ò parọ́, ohun tí wọ́n bi í náà ló dáhùn, pé ṣé etí ń gbọ́ ohùn kékeré níbi tó pa rọ́rọ́, ta ló wá ń gbé inú yàrá yẹn? Ẹ ní kí wọ́n dán ọ̀rọ̀ sísọ wò nínú ariwo, láìlo ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà pẹ̀lú ẹ̀rọ. Kí wọ́n tún ki máíkì tín-ínrín bọ ihò etí kí wọ́n fi wo bí ohùn tí ẹ̀rọ ń gbé wọlé ṣe pọ̀ tó, torí ihò etí kálukú yàtọ̀. Ẹ wá béèrè COSI, ìyẹn fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀rọ etí ń ranni lọ́wọ́, National Acoustic Laboratories ní Ọsirélíà ló gbé e jáde ní 1997. Ẹni tó ni etí ló máa fẹnu ara ẹ̀ sọ ibi tó ti fẹ́ máa gbọ́rọ̀ dáadáa, ó lè tó márùn-ún, tó bá wá lo ẹ̀rọ fúngbà díẹ̀ wọ́n á tún bi í lọ́kọ̀ọ̀kan pé ibí yìí ńkọ́, ó ti sàn àbí bákan náà ni.

Ìdáhùn 2: IOI-HA náà wà, ìyẹn ìwé ìbéèrè fẹ́ni tó ń lo ẹ̀rọ etí, ìbéèrè 7 péré. Àkọ́kọ́ ni wákàtí mélòó lẹ fi ń lò ó lójúmọ́, ọ̀kan tiẹ̀ wà lórí bí ọ̀rọ̀ etí yẹn ṣe ń yọ àwọn tó wà láyìíká yín lẹ́nu tó. Ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ sábà máa ń ka wákàtí pa mọ́, ẹ ní kí wọ́n wò ó.

Ìdáhùn 3: Èmi ò gba wákàtí yẹn gbọ́ lóun nìkan o. Mò ń lo ẹ̀rọ, mo sì mọ̀ pé èèyàn lè fi í sétí látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kínú àwọn ọmọ lè dùn, kó má sì gbádùn ẹ̀ rárá. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n máa bi mí ni bó ṣe ń rẹ̀ mí tó tílẹ̀ bá ṣú, torí títẹ́tí sọ́rọ̀ nínú ariwo máa ń gba agbára gan-an, kò sì sí gráàfù tó máa gbé ìyẹn jáde. Àǹtí, ẹ má bínú, ṣé ẹ ti bi Màámi fúnra wọn?

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi wọ́n ni o, wọ́n ní ariwo wa ò dun àwọn tó bẹ́ẹ̀, pé ohùn àbúrò àwọn lórí fóònù làwọn fẹ́ gbọ́ ketekete láìní kó tún un sọ! Kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Ẹ̀gbọ́n, ṣé COSI yẹn ò ti pẹ́ jù báyìí tí wọ́n ti gba ẹ̀rọ?

Ìdáhùn 1: Kò pẹ́ rárá. Ẹ kọ fóònù yẹn sílẹ̀ ní nọ́ńbà kìíní, ẹ kọ bó ṣe rí lónìí sí i, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí Màámi fẹnu ara wọn sọ èyí tó kù. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ ní kí wọ́n wo bí ẹ̀rọ ṣe lè so mọ́ fóònù tààrà, ọ̀pọ̀ tòde òní ló lè ṣe é.