Ẹ gbà mí o, kò sí túùbù kan tó dúdú!

Àǹtí Wàńdó: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ní orílẹ̀-èdè Benin. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọ̀la ni práktíkà ẹ́ńsáìmù mi, dírẹ́tọ̀ fúnra rẹ̀ máa jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Mo ní kí n dán an wò ní kíṣìnì lálẹ́ yìí: sítáàṣì, itọ́, áyódíìnì. Ẹ́ńsáìmù ni èròjà inú itọ́ tó ń jẹ sítáàṣì; níbi tí sítáàṣì bá ṣẹ́kù, áyódíìnì á dúdú. Túùbù inú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò dúdú, ìyẹn dára. Ti inú omi híhó náà kò dúdú, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó dúdú. Èyí tí mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí, tó yẹ kó dúdú, kò dúdú. Àbí itọ́ mi ló le tó báyìí? Iná ti lọ, mi ò sì ní tamómítà tí mo máa fi mọ 37°C, ìwọ̀n ooru ara èèyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín.

Tíṣà Kétu: Àǹtí, ẹ fara balẹ̀. Ẹ gbé ti omi híhó yẹn kalẹ̀ kó tutù, kí ẹ tún un wò. Áyódíìnì àti sítáàṣì kì í dúdú nínú ooru. Tó bá tutù, àwọ̀ á padà. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé ibí, mo dúró níwájú ọmọ 40, mo ní inú omi híhó ni ẹ́ńsáìmù ti ń ṣiṣẹ́ jù. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdánwò dé, gbogbo wọn dá a padà fún mi bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ojú wo ni mo fẹ́ fi fagi lé e?

Àǹtí Wàńdó: Yéè! Ó ti ń dúdú bọ̀, bí aró!

Ìyá Ìbejì Àjàṣẹ́: Lọ́la, ẹ kọ́kọ́ se itọ́ náà lọ́tọ̀ fún ìṣẹ́jú 5, kó tutù, kó tó kan sítáàṣì. Tí ẹ bá po wọ́n pọ̀ kí ẹ tó gbé e kaná, á ti jẹ nínú rẹ̀ kí omi tó gbóná.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ti ọsàn yẹn, itọ́ ló pọ̀ jù. Kíkan ọsàn ló ń pa ẹ́ńsáìmù, ó yẹ kí sítáàṣì ṣẹ́kù.

Tíṣà Kétu: Sítáàṣì wà níbẹ̀ digbí. Fítámì C inú ọsàn ló pa áyódíìnì tó yẹ kó fi í hàn.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Bùrọ̀dá, ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń lo ọsàn.

Tíṣà Kétu: Ọdún mẹ́sàn-án lo ti ń ṣì í, àbúrò mi. Fún un sínú áyódíìnì nìkan. Kò sí itọ́, kò sí sítáàṣì.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ó mọ́ bí omi òjò. Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ lálẹ́ yìí.

Ìyá Ìbejì Àjàṣẹ́: Fínígà ni kí ẹ lò. Ṣùgbọ́n kí fínígà má bá Javel, bílíìṣì tí à ń fi fọ aṣọ funfun, pàdé o! Omi tí à ń dà sórí ẹ̀dọ̀ màlúù kó lè hó ni mo lọ rà lọ́jọ́sí. Faransé mi ò já gaara, mo ń júwe "omi tó ń sọ nǹkan di funfun". Javel ni mo gbé dé kíláàsì. Mo kán fínígà sí i, gáàsì klorín gbéra, gbogbo wa fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọjọ́ méjì ni mo fi wúkọ́. Omi ẹ̀dọ̀ yẹn, ẹ pè é ní "eau oxygénée 10 volumes", ìyẹn haidirójìn pẹrọ́sáìdì bíi 3%.

Alájì: Oṣù ààwẹ̀ ni èmi ṣe tèmi. Mo ní kí kálukú tutọ́. Kò sẹ́ni tó ní ẹ̀kán kan lẹ́nu.

Ará Ṣábẹ: Ẹ fi itọ́ sílẹ̀, ẹ̀yin èèyàn yìí. Ẹ rẹ ọkà bàbà, kó hù, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sẹ́ ẹ. Àwọn ìyá ọlọ́tí wa mọ̀ pé ọkà tó hù ló ń sọ omi ọtí di dídùn. Inú báálì tó hù náà ni Payen àti Persoz, àwọn ará Faransé, ti yọ ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ sítáàṣì jáde ní 1833.

Tíṣà Kétu: Kí ni Ṣábẹ tún ní, yàtọ̀ sí ọtí àti òkúta?

Ará Ṣábẹ: Ẹ gbọ́ ẹni tó ń fi ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo yangàn! Àkábà Ìdẹ̀nà, Àkábà Ìdẹ̀nà, ẹnu ọ̀nà àtijọ́ Kétu. Téèyàn bá wọlé tán, kí ló kù?

Ìyá Ìbejì Àjàṣẹ́: Ẹ máa jà lọ. Àwa ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ọ̀sà, a tún ní mọ́ṣáláṣí tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà ní Bùràsíìlì.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ẹ má bú òkúta Ṣábẹ o. Tí mo bá ti wò ó nírọ̀lẹ́, Olúmọ Abẹ́òkúta ni mo ń rí. Ìrẹsì Ọ̀fàdà wù mí jẹ, ojú ń ro mí.

Alájì: Ẹ sì ń pe ara yín ní ará òkè òkun! Ẹnubodè Ìdíìrókò lásán lẹ kọjá.

Àǹtí Wàńdó: Ẹ jọ̀ọ́, tamómítà mi ńkọ́? Aago mọ́kànlá ti lù.

Alájì: Ẹ fi túùbù há abíyá. Ibẹ̀ ò jìnnà sí 37.

Àǹtí Wàńdó: Lójú dírẹ́tọ̀?

Ará Ṣábẹ: Ẹ há ọ̀kan sí ti dírẹ́tọ̀ náà. Àmọ́ ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, ibo ni wọ́n ti ń ta Ọ̀fàdà lọ́dọ̀ yín?