Ìdáhùn: ‘Aláìpé-ọpọlọ’ kẹ̀? ‘Tíì’ dà?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ọ̀rẹ́ wa tó ń ṣètò ìwé ìléwọ́ lórí ìlera ìbálòpọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama ní Ilé-Ifẹ̀ fẹ́ sọ pé ọpọlọ ọ̀dọ́langba ṣì ń gbó lọ́wọ́, ló bá pè wọ́n ní ‘aláìpé-ọpọlọ’. Ẹ gbà mí o! Láti Ifẹ̀ títí dé Iléṣà, ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé, a mọ ibi tí wọ́n ń mú un lọ. Ọmọ ọdún 15 tó bá ka ìlà àkọ́kọ́, ẹ̀pà ni yóò fi ìwé náà dì.

‘Aláìtíìpé-ọpọlọ’ ni kó kọ. ‘Àìpé’ ti tilẹ̀kùn. ‘Àìtíìpé’ ṣì ń retí. Inú ‘tíì’ yẹn ni gbogbo ìmọ̀ ọ̀hún wà: apá ọpọlọ tó ń wá adùn máa ń tètè jí gìrì bí ọmọ bá ti ń bàlágà, ṣùgbọ́n apá iwájú, tó ń kó èèyàn níjàánu, ń gbó bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí di nǹkan bí ọdún 25.

Ẹni tó ní ‘tíì’ kì í wọ inú ọ̀rọ̀ orúkọ, tó wá fi oyè ọ̀mọ̀wé bò wá mọ́lẹ̀, ṣé kò gbọ́ ‘àìtíìdé rẹ̀ ló ń kọ mí lóminú’ rí ni? Ìyá mi àgbà kò kàwé, ó sì ń sọ irú rẹ̀ lójoojúmọ́. Kò pè wá ní òmùgọ̀ rí; ‘ẹ ò tíì gbọ́n’ ló máa ń wí. Ní Ifẹ̀ yìí kan náà ni Fáfúnwá, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ètò ẹ̀kọ́, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì ní 1970. Ṣé ibẹ̀ náà ló yẹ ká ti máa fi Yorùbá bú ọmọ?

Ẹ̀yin tó ń fi òwe ‘bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà’ ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ìrírí ni ìyẹn ń wí, kì í ṣe bí ọpọlọ ṣe ń gbó. Ní 2005, Gardner àti Steinberg, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, jábọ̀ ìwádìí kan tí wọ́n ti ní kí àwọn èèyàn ṣe eré ọkọ̀ wíwà lórí kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà. Bí ọ̀rẹ́ bá ń wo àwọn ọ̀dọ́langba, ewu tí wọ́n ń fi ara wọn wọ̀ á pọ̀ sí i gan-an; ní ti àgbàlagbà, ojú ọ̀rẹ́ kò tu irun kan lára wọn. Ìdí nìyẹn tí kíka ‘má ṣe èyí, má ṣe tọ̀hún’ sí wọn létí kò fi tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi eré dánra wò bí a ṣe ń sọ ‘rárá’ níwájú ẹgbẹ́, àti bí a ṣe ń béèrè kọ́ńdọ̀ọ̀mù láìtijú. Aláìpé wo lẹ fẹ́ fún nírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ẹni tó tún ní ká lé ‘bàlágà’ lọ nítorí pé ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ló ti wá, kó kọ́kọ́ wá arọ́pò fún ‘àlàáfíà’ tó fi kí wa, ọ̀dọ̀ Lárúbáwá kan náà lòun náà ti wá.