Ìgbà ìwọ́wé ni o, kì í ṣe ìrẹ̀dànù

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń sọ látìjọ́ yìí lórí bá a ṣe máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, mo ní kí n má dá sí i, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti wá dé orí iṣẹ́ ọgbà, mi ò lè dákẹ́ mọ́. Ṣé ẹ rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀: àbúrò wa tó wà ní Kent ní Ìlú Ọba fẹ́ kọ nǹkan fáwọn ìyá tó ń gbin nǹkan sẹ́yìn ilé níbẹ̀, nípa ohun tó yẹ kéèyàn rì mọ́lẹ̀ láàárín Sẹ̀tẹ́ńbà sí Nòfẹ́ńbà àti bí wọ́n ṣe lè máa yà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta igi àti òdòdó ládùúgbò wọn. Ó ju ọ̀rọ̀ sínú Google Translate, ìyẹn bá gbé "Ìgbà Ìrẹ̀dànù Ewé" jáde fún autumn, ìyẹn àsìkò tí ewé ń bọ́ lára igi nílẹ̀ òyìnbó. Ó ní ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Kí ẹnikẹ́ni tó dá a lóhùn, ẹnì kan ti ní ká máa pe nursery tí wọ́n ti ń ta igi ní "jẹ́lé-ó-sinmi ewéko", gbogbo yín bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ gbàgbé ìbéèrè ọmọ ọlọ́mọ.

Mi ò fara mọ́ ìrẹ̀dànù rárá, ìgbà ìwọ́wé ni tèmi. Rẹ̀ fúnra ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan o, ọ̀rọ̀ wa ni, ta ni ò mọ "ewé rẹ̀ kì yóò sì rẹ̀" nínú Sáàmù kìíní. Àmọ́ ewé tó bá rẹ̀, oòrùn ló pa á tàbí omi ni ò dé ìdí ẹ̀. Nǹkan tó ń ṣe igi ní Ìlú Ọba nígbà tí ọjọ́ bá ti ń kúrú kọ́ nìyẹn. Igi yẹn ò ṣàìsàn, òùngbẹ ò gbẹ ẹ́. Á kọ́kọ́ fa oúnjẹ inú ewé padà sára, àwọ̀ tútù yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í tú, èyí tó ti wà nísàlẹ̀ ẹ̀ láti ọjọ́ yìí tá ò rí á wá yọjú, ewé á di pupa rúsúrúsú, àwọn míì bíi maple á tún ṣe àwọ̀ tuntun lé e, wọ́n á pọ́n yòò, lẹ́yìn náà igi á fi nǹkan líle kan dí ojú ibi tí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka, afẹ́fẹ́ díẹ̀ báyìí, ó ti bọ́. Igi ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn wọ́wé nìyẹn: igi ló ń wọ́wé, òun ló ni iṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá ní ewé rẹ̀, ewé ló ń jìyà.

Dànù yẹn ló tiẹ̀ burú jù. Ta ló ń da ewé nù? Ẹni tó bá ń dáko lẹ́yìn ilé ń gbá a jọ ni. Èmi máa ń dì í sínú láílọ́ọ̀nù dúdú ńlá, tó bá gbẹ mo á wọ́n omi sí i, mo á fi fọ́ọ̀kì gún láílọ́ọ̀nù náà kiri kí atẹ́gùn lè wọ ibẹ̀, mo á tì í sẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì. Kó tó ọdún méjì ó ti di ilẹ̀ dúdú tó rọ̀ múlọ́múlọ́, òórùn igbó ló ń rùn. Òyìnbó ń pè é ní leaf mould, mo sì rí i tí ẹnì kan nínú yín túmọ̀ ẹ̀ sí "ewé tó bu". Ẹ jọ̀ọ́, búrẹ́dì ló ń bu. Ilẹ̀dú ewé ni kẹ́ ẹ pè é, ṣebí ilẹ̀dú làwọn bàbá wa ń pe ilẹ̀ tó bá ti sanra bẹ́ẹ̀.

Bàbá wa tó ní ká kúkú pè é ní ìgbà ìkórè, ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀ sà. Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn, harvest ni wọ́n ń pe àsìkò yẹn tẹ́lẹ̀ kí autumn tó gba ipò lọ́wọ́ ẹ̀, Herbst táwọn ará Jámánì ń pè é títí dòní sì bá harvest tan. Àmọ́ ìkórè tiwa kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, iṣu tuntun ní àsìkò tiẹ̀, àgbàdo ní tiẹ̀, kòkó ní tiẹ̀. Àti pé tẹ́ ẹ bá dárúkọ ìgbà ìkórè fún ìyá kan ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ló máa bọ́ sí i lọ́kàn, á ní aṣọ wo la fẹ́ wọ̀.

Ẹni tó mú àrọ̀kúrò wá ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi. Oṣù wọn bára mu lóòótọ́, Sẹ̀tẹ́ńbà sí Òkítóbà, òjò tún ti padà dé lẹ́yìn ìsinmi Ọ́gọ́ọ̀sì, àwọn èèyàn wa ń gbin àgbàdo ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ní Ìlú Ọba náà ìdí kan náà ni wọ́n fi ń gbìn lásìkò yìí: ilẹ̀ ṣì ní ooru ẹ̀ẹ̀rùn nínú, òjò sì ti bẹ̀rẹ̀, gbòǹgbò á ti mú ilẹ̀ kí òtútù gidi tó dé. Àmọ́ àrọ̀kúrò, òjò tó ń dágbére ni, ọyẹ́ ló ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Òjò Lọ́ńdọ̀nù wo ló ń dágbére? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín nílé. Ìgbà ìwọ́wé ti wà nílẹ̀, ó kúrú, ó dùn lẹ́nu, ó pẹ́ táwọn èèyàn ti ń lò ó, kí la tún ń wá kiri?

Ó wá ku jẹ́lé-ó-sinmi. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn fún ọmọ èèyàn torí wọ́n ń kó ọmọ jáde kílé lè rójú. Tígi ńkọ́? Ilé ta ló sinmi? Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ra igi délé ni wàhálà yín ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ ẹ́ bomi rin ín, ẹ ẹ́ lé ìgbín. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ti yanjú tiwọn tipẹ́, ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lágbègbè Ìdí-Ayùnrẹ́ níbi tí CRIN, ilé ìwádìí kòkó ti Nàìjíríà, wà, nọ́sìrì ni wọ́n ń pè é láìsí àríyànjiyàn: wọ́n á rọ ilẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù kéékèèké, wọ́n á fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó, ọmọ kòkó á wà níbẹ̀ bí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà kí òjò tó fìdí múlẹ̀ tí wọ́n á lọ́ ọ lọ sóko. Nọ́sìrì dáa fún wọn, mi ò bá wọn jà. Àmọ́ àwọn ìyá tí àbúrò ń kọ̀wé sí ń gbé ọmọ lọ sí nọ́sìrì láràárọ̀ Mọ́ńdè, ó máa dà wọ́n rú.

Lọ́ yẹn gan-an lẹ̀gbọ́n tó wà ní Ìbàdàn mú jókòó tó fi ṣẹ̀dá "ọgbà àlọ́gbìn" fún nursery. Ó mọ̀wé, mo kan sáárá sí i. Lọ́ ni wọ́n ń lò fún ata tí wọ́n ń ṣí láti orí ebè kan sí òmíì, òun náà ni Bíbélì lò nínú Róòmù orí 11 fún ẹ̀ka igi òróró ìgbẹ́ tí wọ́n mú wá sára igi oko. Ẹ̀ka àti odindi igi lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn ò dà mí láàmú. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé bẹ́ ẹ bá ti pè é fún ọmọdé, "ààlọ́ o" ló máa gbọ́, á sì dáhùn "ààlọ̀".

Ohun téèyàn ń bá pàdé níbi tí wọ́n ti ń ta igi ni kẹ́ ẹ fi sọ ọ́ lórúkọ. Mo fẹ́ràn àtimáa lọ síbẹ̀ ní Òkítóbà torí èrò ti dín kù, ẹni tó ń tà ráyè báni sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti gé owó àwọn tó ti tanná tán. Ẹ má wo òdòdó orí ẹ̀. Ẹ fi ìka méjì há ìdí ẹ̀, ẹ dorí ike kodò, ẹ gbá a nídìí, á yọ jáde tòun tilẹ̀. Bí gbòǹgbò bá ti ká jọ bí òṣùká, ó ti pẹ́ jù nínú ike, ẹ dá a padà. Bó bá jẹ́ funfun tó kàn ń yọjú létí ilẹ̀, ẹ sanwó. Ọmọ lèyí, ọmọ ọ̀gbìn, ọgbà ọmọ ọ̀gbìn sì ni kẹ́ ẹ pe ibẹ̀. Ẹni tó ní "ọgbà ọmọ ọ̀gbìn" máa dà bí ibi ìṣeré ọmọdé, ṣé kò gbọ́ pé bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ ẹ̀ la fi ń rọ́pò ni? Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò lọ síbi ìṣeré kankan.

Bulb ló kù, ìdí òdòdó roboto tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ kó lè hù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní "àlùbọ́sà òdòdó", èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu dídùn. Májèlé ni bulb òdòdó daffodil, ó sì jọ àlùbọ́sà. Lọ́dún 2015 Public Health England, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìlera aráàlú níbẹ̀ nígbà yẹn, kọ̀wé sáwọn súpámákẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n má kó o sítòsí ẹ̀fọ́ mọ́, káwọn èèyàn má baà ṣì í jẹ. Èbù ni kẹ́ ẹ pè é. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní èbù iṣu gígé ni, àmọ́ iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, oúnjẹ wà nínú ẹ̀, ojú wà lára ẹ̀, ilẹ̀ là ń rì í mọ́, kò sì sí ẹni tó gbọ́ èbù tó máa gbé e kaná.

Àbúrò, kọ ọ́ báyìí: "Nígbà ìwọ́wé, ẹ lọ sọ́gbà ọmọ ọ̀gbìn, ẹ ra èbù daffodil ní Sẹ̀tẹ́ńbà, ẹ fi ti tulip dúró de Nòfẹ́ńbà. Ẹ rì í kó jìn tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta gíga ara ẹ̀, kí ṣónṣó ẹ̀ kọjú sókè. Aáyù náà ẹ gbìn ín lásìkò yìí, torí tí òtútù ò bá mú un, kò ní pín sí ẹyọ ẹyọ. Aáyù ni kẹ́ ẹ gbé wọ kíṣìnnì o, ẹ fi èbù òdòdó sí ṣẹ́ẹ̀dì."