Bíárìn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àtijọ́ tí a fẹ́ gbé lọ sí track day

Ọmọ Ọ̀fà, Northampton
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Kwara. Mo ra BMW E36 325i ti ọdún 1994, mo sì fẹ́ gbé e lọ sí track day (ọjọ́ tí wọ́n ń jẹ́ kí èèyàn fi ọkọ̀ ara rẹ̀ sáré lórí pápá ìdíje) ní Snetterton lóṣù tó ń bọ̀. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ń sọ pé bíárìn conrod, ọ̀pá tó so písítìn mọ́ crankshaft, ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Kí ni kí n ṣe kó tó nọ́ọ̀kì? Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ́ṣẹ́ ní Táíwò n'Ílọrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ẹ̀gbọ́n Àjàṣẹ́, Derby
Àbúrò, o ṣeun tí o bèèrè kí o tó lọ. Inú mi dùn sí i gan-an.

Bí nǹkan bá ń lọ déédéé, bíárìn yẹn kì í fara kan crankshaft, ọ̀pá ńlá tí písítìn ń yí, rárá. Ọ́ìlì ló wà láàárín wọn, àlàfo ibẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi 0.05 mm lọ. Bí ọ́ìlì bá fi ibẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ báyìí ní 6,000 rpm, irin á máa ha irin. Ẹ́ńjìnnì lè máa ṣiṣẹ́ lọ lẹ́yìn ìyẹn, kó wá kú lọ́jọ́ mìíràn tí o kàn ń lọ síbi iṣẹ́.

Kọ́nà ló ń lé ọ́ìlì. Táyà tó di ilẹ̀ mú dáadáa lè gbé ọkọ̀ rẹ dé 1g nínú kọ́nà, ìyẹn ni pé ipá tó ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ìwúwo rẹ̀. Ní 1g, ojú ọ́ìlì inú sump (àwo ọ́ìlì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì) kò tẹ́jú mọ́, ó ti dagun ní 45°. Coram ní Snetterton jẹ́ kọ́nà ọwọ́ ọ̀tún tó gùn gan-an. Títí wàá fi jáde níbẹ̀, òsì ni ọ́ìlì ń wọ́ sí. Bí ẹnu páìpù pọ́ǹpù bá yọ síta, afẹ́fẹ́ ló ń fà sókè. Ẹni tó ti ń wa ọkọ̀ láti Ìlọrin sí Òmù-Àrán fún ogún ọdún lè má mọ irú ìyà yìí, torí ojú títì kì í di ọkọ̀ mú nínú kọ́nà báyẹn.

Nítorí náà, ọ́ìlì gbọ́dọ̀ kún dé àmì òkè kí o tó wọlé, kí o sì fa gééjì wò nígbàkúùgbà tí o bá jáde. Má rọ ọ́ kọjá àlà o. Bí crankshaft bá ń lù ú, yóò di fóòmù. Fi baffle, irin tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, sínú sump. Iná ọ́ìlì tó wà níwájú rẹ kò tó gbẹ́kẹ̀ lé: kì í tàn títí pressure yóò fi já wálẹ̀ dé nǹkan bíi 0.5 bar, bẹ́ẹ̀ ní 6,000 rpm nǹkan bíi 4 bar ni ẹ́ńjìnnì ń fẹ́. Ra gééjì gidi, ti pressure àti ti ooru ọ́ìlì. Má tẹná kí ọ́ìlì tó dé 80°C. Omi rédíétọ̀ á ti gbóná tipẹ́ kí ọ́ìlì tó gbóná. Bó bá kọjá 130°C, rọra wakọ̀ jáde.

Àlhájì, Houston
Àsàlámù aléékùm. Ẹ jẹ́ kó lo ọ́ìlì 20W-50 tó ki bíi tilé, ọ̀rọ̀ parí.

Ẹ̀gbọ́n Àjàṣẹ́, Derby
Wa aléékùmú sàlámù, Àlhájì. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má bínú sí mi, kò parí síbẹ̀. Ọ́ìlì tó ki máa ń ṣèrànwọ́ nínú ooru, òótọ́ ni. BMW fúnra wọn sọ pé 10W-60 ni kí a lò fún ẹ́ńjìnnì M3 E46. Ṣùgbọ́n bí pọ́ǹpù bá ń fa afẹ́fẹ́, kò sí bó ṣe lè ki tó tó máa dé bíárìn. Ní àárọ̀ tútù ibí yìí sì rèé, èyí tó bá ki jù máa ń pẹ́ kó tó gòkè.

Àǹtí Òmù-Àrán, Indiana
Ẹ bá mi fi èyí kún un. Bó bá pààrọ̀ ọ́ìlì, kó gé fílítà, kó na bébà inú rẹ̀ sójú oòrùn. Bó bá rí nǹkan tó ń tàn bíi bàbà, tí máágínẹ́ẹ̀tì kò gbé e, bíárìn ló ń jẹ yẹn. Kó tún fi ọ́ìlì díẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò. Lead, copper àti tin ni kó máa fi wé ti ìṣáájú; bó bá ń gòkè lọ, kó tú u. Bí wọ́n bá rí sodium tàbí potassium, ó lè jẹ́ omi rédíétọ̀ ló ti wọnú ọ́ìlì, top gasket ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Omi a máa pa bíárìn kíákíá.

Ọmọ Ọ̀fà, Northampton
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé kí n dúró de àyẹ̀wò yẹn, àbí kí n kúkú pààrọ̀ bíárìn nísinsìnyí?

Ẹ̀gbọ́n Àjàṣẹ́, Derby
Pààrọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ náà ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, o kò sì mọ ọwọ́ tí wọ́n fi lò ó. Sump gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ torí baffle, a sì ní láti sọ subframe iwájú, irin tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, kalẹ̀ kí sump tó lè jáde, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan náà ni kí a ṣe gbogbo rẹ̀. A máa wo nọ́ọ̀tì pọ́ǹpù ọ́ìlì pẹ̀lú, ó máa ń tú lára àwọn ẹ́ńjìnnì yẹn. Wáyà la fi ń so ó. Bóòtù conrod tuntun méjìlá ni kí o rà, má tún ti àtijọ́ lò. Ra Plastigauge, okùn ike tín-ín-rín tí a ń tẹ̀ sáàárín bíárìn, dání ká fi wọn àlàfo. Gbé e wá sí Derby ní Sátidé, torque wrench wà lọ́wọ́ mi.