Ibà tí kò gbóná: lórí orúkọ àìsàn màlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ti rí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí wọ́n dábàá fún ìwé tó dá lórí bí ìgbà ọdún ṣe ń kan ara màlúù tí à ń fún wàrà rẹ̀, lẹ́yìn tó bá bímọ tán: “ibà wàrà” fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní milk fever, “àtọ̀gbẹ màlúù” fún ketosis, àti “ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn” fún summer. Kí n má fepo bọyọ̀, mi ò fara mọ́ ìkankan nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ibà bẹ̀rẹ̀. Ta ló ní ibà rí tí ara rẹ̀ kò gbóná? Màlúù tí àìsàn yìí bá mú, ńṣe ni etí rẹ̀ ń tutù, tí ooru ara rẹ̀ sì ń wálẹ̀ kúrò ní nǹkan bí 38.5°C tó yẹ kó wà. Kálísíọ̀mù, èròjà tó ń mú egungun le, ló wọ́n nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: wàrà àkọ́fún ti gbà á lọ kí egungun àti ìfun tó rí òmíràn fi dípò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láàárín ọjọ́ mẹ́ta tó bímọ ló sábà ń dùbúlẹ̀ tí kò ní lè dìde, pàápàá èyí tó ti bí lẹ́ẹ̀mẹta sókè. Gẹ̀ẹ́sì ló ṣi orúkọ sọ. Kí ni tiwa nínú àṣìṣe wọn? “Ọ̀wọ́n kálísíọ̀mù” tó mi.

“Àtọ̀gbẹ” tún wá burú jùyẹn lọ. Nínú àtọ̀gbẹ, ṣúgà ló ń pọ̀ lẹ́jẹ̀. Nínú ketosis, ó ń dín kù ni. Agbára tí wàrà ń gbà ju èyí tí ẹnu ń kó wọlé lọ, ara bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ọ̀rá tó ti tò pamọ́. Ẹ̀dọ̀ kò lè jó gbogbo rẹ̀ tán, ni kẹ́tóònù, ìyẹn ohun tó ṣẹ́kù lára ọ̀rá tí kò jó tán, bá kún ẹ̀jẹ̀. Yíyọ́ ọ̀rá fúnra rẹ̀ kì í ṣe àìsàn, kò sí màlúù tó ń ṣe wàrà púpọ̀ tí kì í yọ́ ọ lẹ́yìn ìbímọ. Àṣejù ibẹ̀ ni àìsàn, nítorí náà mo mú “àyọ́jù ọ̀rá” wá, bí a ṣe ń sọ pé àjẹjù. Mo mọ̀ pé kò dárúkọ kẹ́tóònù, àti pé àìsàn tí ọ̀rá fi ń kún ẹ̀dọ̀ náà lè jẹ́ orúkọ yìí. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó mú un bọ̀.

Ó wá ku ẹ̀ẹ̀rùn. Gbígbẹ ni ẹ̀ẹ̀rùn ń sọ, àìrójò. Ohun tó ń ni màlúù lára ni ooru tó bá ọ̀rinrin pàdé: òógùn kò ní gbẹ, mímí hẹlẹ kò ní tù ú. Ìdí nìyẹn tí òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò fi ń pa ooru àti ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ pọ̀. Lórí òṣùwọ̀n yìí, 72 ni wọ́n ń kà sí ààlà tí ooru ti ń ni màlúù lára tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ti ń lo 68 báyìí fún màlúù tí wàrà rẹ̀ pọ̀. Bí koríko ṣe ń dà nínú ikùn náà ń mú ooru jáde, torí náà màlúù á dín oúnjẹ rẹ̀ kù fúnra rẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ gan-an tí kò yẹ kó fi ebi pa ara rẹ̀. “Ìgbà ooru” ni kí ẹ kọ.

Ẹ jọ̀ọ́, kí “o” ibẹ̀ jẹ́ méjì. Ẹni tó bá kọ “igba oru” láìfàmì sí i, àwọn kan á kà á sí òru, bẹ́ẹ̀ òru yẹn gan-an ni màlúù ń rójú jẹun nígbà náà.