"Àkọsílẹ̀ Lincoln" kọ́ o: kí la máa pe "Papers" gan-an?

Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Láti ìjẹta ni mo ti ń ka ohun tẹ́ ẹ ń sọ lórí bá a ṣe máa pe Abraham Lincoln Papers lédè wa, ìyẹn ẹrù ìwé tí Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà ayé ọjọ́un, fi sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní "àkọsílẹ̀ Lincoln", ẹlòmíì ní "ìwé àdáni", àǹtí tó ń ṣiṣẹ́ ní láíbìrì ní "àkójọ lẹ́tà" ti tó. Mo bọ̀wọ̀ fún yín o, àmọ́ n ò rò pé ìkankan wọlé nínú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹrù ọ̀hún ná. Library of Congress, láíbìrì ìjọba Amẹ́ríkà ní Washington, ló wà. Robert ọmọ Lincoln ló kó o fún wọn, ó ní wọn ò gbọdọ̀ ṣí i títí tóun á fi kú tí ọdún 21 á tún fi kọjá lórí ẹ̀. Ó kú ní July 26, 1926, ó di July 26, 1947 kí wọ́n tó ṣí i. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, Lincoln kọ́ ló kọ ọ́, wọ́n kọ ọ́ sí i ni: ẹni tó ń wáṣẹ́, ọ̀gágun tó ń jábọ̀ ogun, ẹni tó kàn fẹ́ bú u. Tí mo bá ní "àkọsílẹ̀ ìyá mi", ṣebí ohun tí ìyá mi fọwọ́ ara ẹ̀ kọ lẹ máa gbọ́?

"Àdáni" náà ò ṣe é. Ohun tí Lincoln kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ nípa òfin ìtúsílẹ̀ àwọn ẹrú, ní July 1862, wà níbẹ̀, kí ló kù tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìjọba ju ìyẹn lọ?

Ti àǹtí wa ló fẹ́ mú mi, àfi ìgbà tí mo rántí Grace Bedell. Ọmọ ọdún 11 ni, ní Westfield, New York. October 1860 ló kọ̀wé sí Lincoln pé kó dá irùngbọ̀n sí torí ojú ẹ̀ ti rù jù, àti pé òun ní ọmọ ìyá ọkùnrin mẹ́rin, díẹ̀ nínú wọn máa dìbò fún un tẹ́lẹ̀, tó bá dá a sí òun á bá a bẹ àwọn tó kù (ọmọ yìí mọ òṣèlú o jàre). Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀ ni Lincoln fèsì. Lẹ́tà Grace yẹn, láíbìrì ìlú Detroit ló wà, kò sí nínú Papers. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí Lincoln ni lóòótọ́, àmọ́ kò sí lára ẹrù tó wà ní Washington yẹn.

Èmi ní ká pè é ní "àpótí ìwé". Bàbá wa ní àpótí pákó kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, rìsíìtì owó orí, ìwé ilẹ̀, lẹ́tà àbúrò wọn láti Kumasi, káàdì ìrìbọmi wa, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Tí wàhálà bá dé, "ẹ lọ wò ó nínú àpótí ìwé Bàbá" la máa ń sọ, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ẹni tó kọ èwo.

Ẹ fi Frederick Douglass dán an wò, òǹkọ̀wé tó ti ṣẹrú rí ní Amẹ́ríkà, tó wá ń bá òwò ẹrú jà. Ilé ẹ̀ ní Rochester jóná lọ́dún 1872, ìwé rẹpẹtẹ bá a lọ. "Àpótí ìwé Douglass jóná": òótọ́ ni. "Àkọsílẹ̀ Douglass jóná": irọ́ ńlá, àwọn ìwé tó tẹ̀ jáde ṣì wà lọ́wọ́ aráyé.

Ẹnì kan ní èèyàn á rò pé àpótí ilé ìfìwéránṣẹ́ ni. Ta ló ń pe ìyẹn ní àpótí ìwé? P.O. Box la mọ̀ ọ́n sí. Herbert Macaulay Papers tó wà ní Kenneth Dike Library n'Ìbàdàn náà á di "àpótí ìwé Macaulay", ó sì dùn létí.

Ti "folder" tí wọ́n ń to ìwé sí ni n ò tíì mọ̀. Nílé wa fáìlì ni o, ẹ jẹ́ ó máa jẹ́ fáìlì lọ.