Ọjọ́ méjì ní Keswick: òkè wo la lè gùn, kí la sì lè ṣe lórí omi?

Àdùnní_Manchester

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. A fẹ́ lọ lo ọjọ́ méjì ní Keswick, ìlú kékeré kan lẹ́bàá adágún Derwentwater ní àríwá England, ní ìparí oṣù karùn-ún. Àwa mẹ́jọ là ń lọ: àgbà márùn-ún, ọmọ ọdún mẹ́fà kan, ọmọ ọdún mọ́kànlá kan, àti màmá wa tí wọ́n wá kí wa láti Ìbàdàn, tí orúnkún ń dà láàmú. Yàtọ̀ sí Olúmọ, kò sẹ́ni tó ti gun òkè rí nínú wa.

Ohun tí a ní lọ́kàn ni òkè Catbells lọ́jọ́ kìíní, paddleboard (pátákó tí èèyàn ń dúró lé, tó ń fi àjẹ̀ wà lórí omi) lórí Derwentwater lọ́jọ́ kejì. Ṣé ọmọ ọdún mẹ́fà lè gun Catbells? Ṣé bàtà kánfáàsì tó? Kí la lè ṣe tí màmá ò fi ní jókòó sínú yàrá látàárọ̀ ṣúlẹ̀?

Agunkè_Leeds

Ẹ kú ìmúra o. Ẹ jẹ́ n mú Catbells lákọ̀ọ́kọ́, torí òun ni gbogbo èèyàn máa ń fojú kéré. Mítà 451 ni gíga rẹ̀. Adágún tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ fi bíi mítà 75 ga ju òkun lọ, nítorí náà nǹkan bíi mítà 375 lẹ máa gùn. Ìṣirò tí àwọn agunkè ń lò ni wákàtí kan fún kìlómítà 5, kí ẹ tún fi wákàtí kan kún un fún mítà 600 tí ẹ bá gùn sókè. Láti èbúté Hawse End dé téńté, bíi kìlómítà 2.5 ni: ìṣẹ́jú 30 fún ìrìn, ìṣẹ́jú 38 fún gígun òkè. Fún àgbàlagbà tí kò dúró sinmi nìyẹn o. Tí ọmọdé bá wà níbẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ẹ má sì jẹ́ kó dùn yín.

Ibi méjì ló wà lójú ọ̀nà tó jẹ́ pé ọwọ́ lẹ máa fi di àpáta mú. Àkọ́kọ́ wà kí ẹ tó dé Skelgill Bank, níbi tí wọ́n kan àwo ìrántí Thomas Arthur Leonard, aṣáájú àwọn tó ń rìn káàkiri òkè àti igbó fún ìgbádùn, mọ́. Èkejì wà lábẹ́ téńté gan-an. Àpáta yẹn ò ga, àmọ́ ẹsẹ̀ èèyàn ti fọ̀ ọ́ títí tó fi ń dán gbinrin, bí òjò bá sì ti kàn án, yíyọ̀ ló kù. Gígun ibẹ̀ rọrùn ju sísọ̀ lọ, torí ẹni tó ń sọ̀ kì í rí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa bà lé. Ìdí nìyí tí kò fi dáa kéèyàn padà gba ibi tó gbà gòkè. Ẹ gba Hawse End gòkè. Tí ẹ bá kúrò ní téńté, ẹ tẹ̀ síwájú sí gúúsù dé Hause Gate, ẹ yà sápá òsì, ẹ gba ọ̀nà tí wọ́n fi òkúta tẹ́ sọ̀kalẹ̀ sí igbó Manesty, kí ẹ wá wọ ọkọ̀ ojú omi ní High Brandelhow. Hawse End, Hause Gate: ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni o, ẹ má ṣì wọ́n mú lórí máàpù.

Ọmọ ọdún mẹ́fà lè gùn ún bí àpáta bá gbẹ, bí àgbàlagbà kan bá wà lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́ níbi méjèèjì yẹn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wí, kì í ṣe iwájú: ẹni tó wà níwájú ò lè gbé ẹni tó ń já bọ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ fi Catbells sílẹ̀, ẹ lọ sí Latrigg (mítà 368) tàbí Walla Crag (mítà 379). Láti àárín ìlú lẹ ti lè fẹsẹ̀ rìn lọ sí méjèèjì. Ní tèmi, adágún hàn láti Walla Crag ju bó ṣe hàn láti Catbells lọ, àmọ́ ìyẹn máa dá awuyewuye sílẹ̀.

Bàtà kánfáàsì kò tó. Abẹ́ rẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni ìṣòro. Kò di ilẹ̀ mú lórí koríko tútù. Kò pọn dandan kí ẹ ra bàtà olówó gọbọi, bàtà eléré ìdárayá tí abẹ́ rẹ̀ ní eyín jíjìn ti tó fún Catbells nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ má wọ jíǹsì. Òwú máa ń fa omi mu, kì í tètè gbẹ, afẹ́fẹ́ á sì máa gba ooru ara yín lọ láti inú rẹ̀. Aṣọ eré ìdárayá tó ń tètè gbẹ ni kó kan ara, súwẹ́tà lé e, aṣọ òjò lókè pátápátá. Bí ẹ bá ti fi mítà 100 gòkè, òtútù á ti fi ju ìdajì díkírì kan pọ̀ sí i, kí a tó ka ti afẹ́fẹ́. Àgbègbè yìí kan náà ni Seathwaite wà, níbi tí òjò ti ń rọ̀ jù nínú gbogbo ibi tí èèyàn ń gbé ní England, nǹkan bíi mílímítà 3,500 lọ́dún. Torí náà, bí wọ́n tilẹ̀ ní oòrùn máa ràn, aṣọ òjò ò gbọ́dọ̀ kúrò nínú báàgì.

Máàpù tí ẹ máa rà ni OS Explorer OL4. Fóònù dáa, ṣùgbọ́n òtútù máa ń pa bátìrì, nẹ́tíwọọ̀kì sì ń lọ tó ń bọ̀ ní Borrowdale, àfonífojì tó wà ní gúúsù adágún. Ẹ mú fèrè kan dání. Bí wàhálà bá dé, ẹ fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, ẹ tún un ṣe. Bí ẹ bá pe 999, ọlọ́pàá lẹ máa kọ́kọ́ béèrè, lẹ́yìn náà kí ẹ wá ní Mountain Rescue (àwọn tó ń dóòlà èèyàn lórí òkè) lẹ fẹ́. Ambulance ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń béèrè, àkókò sì ń lọ. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà «register» ránṣẹ́ sí 999 láti orí fóònù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tẹ̀ lé ìlànà tí wọ́n bá fi dá yín lóhùn. Àtẹ̀jíṣẹ́ máa ń ráyè lọ níbi tí ìpè ò ti lè wọlé.

Ọmọ_Ọ̀sà

Agunkè ti sọ ti òkè tán, ẹ jẹ́ n sọ ti omi. Jíjìn Derwentwater ò ju nǹkan bíi mítà 22 lọ. Òtútù rẹ̀ ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù. Ní oṣù karùn-ún, oòrùn lè mú lókè kí omi ṣì di òtútù ìgbà ọ̀gìnnìtìn mọ́ra. Bí omi bá tutù ju díkírì 15 lọ, ẹni tó bá ṣubú sínú rẹ̀ lójijì á mí gùlegùle láìròtẹ́lẹ̀, kò sì ní lè dá a dúró. Bí orí bá wà nísàlẹ̀ omi lásìkò yẹn, omi ló máa fà sínú, ì báà mọ omi wẹ̀ bí ẹja. Ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan àbọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má tíì wẹ̀. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, ẹ jẹ́ kí etí wọ inú omi, ẹ na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ títí èémí á fi balẹ̀, kí ẹ tó wá padà sídìí pátákó yín.

Ohun tó ń gbà yín là ní ìṣẹ́jú yẹn ni jákẹ́ẹ̀tì tó ń léfòó. Oríṣi méjì ló wà. Nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ló ń sọ bí agbára tó fi ń gbé èèyàn léfòó ṣe pọ̀ tó. Èyí tí wọ́n kọ 50N sí lára, tí àwọn aláyàálò sábà máa ń fún yín, ń gbé èèyàn léfòó àmọ́ kò lè yí ẹni tó dákú padà kí ojú rẹ̀ kọjú sókè. 150N (100N fún ọmọdé) ló lè ṣe ìyẹn. Fún ọmọ ọdún mẹ́fà tí kò mọ omi wẹ̀, ẹ béèrè irú kejì, kó sì ní okùn tó ń gba àárín itan kọjá. Bí ẹ ṣe máa dán an wò: ẹ dè é tán, ẹ di èjìká rẹ̀ mú, ẹ fà á sókè. Bó bá kọjá àgbọ̀n ọmọ náà, ó ti tóbi jù.

Bó bá jẹ́ pátákó tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí, ẹ wo ẹnu ihò rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Irin kékeré inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ sókè. Bó bá wà nísàlẹ̀, gbogbo atẹ́gùn tí ẹ ti fi òógùn fẹ́ á tú jáde bí ẹ bá ti yọ páìpù. Ẹ fẹ́ ẹ dé psi (ìwọ̀n bí atẹ́gùn ṣe le tó nínú rẹ̀) tí wọ́n kọ sára rẹ̀, 12 sí 15 lọ́pọ̀ ìgbà. Abẹ́rẹ́ gééjì kì í sábà kúrò lójú kan ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn kan á rò pé ó ti bàjẹ́, wọ́n á dáwọ́ dúró, pátákó á sì tẹ̀ láàárín bí wọ́n bá gorí ẹ̀. Àjẹ̀ ní tiẹ̀, kó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 ga jù yín lọ, kí pẹpẹ rẹ̀ sì dà síwájú, síbi tí ẹ ń lọ. Ìdakejì ni gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń dì í mú. Ẹ so okùn pátákó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ṣubú, afẹ́fẹ́ lè gbé pátákó lọ kánmọ́kánmọ́ ju bí ẹ ṣe lè wẹ̀ bá a.

Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sábà máa ń wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, á gba àfonífojì Borrowdale, á sì máa tì yín sápá Keswick. Ẹ kọjú sí i lákọ̀ọ́kọ́ nígbà tí agbára ṣì wà, kó lè máa tì yín bọ̀ wálé. Bó bá ti kọjá máìlì 10 láàárín wákàtí kan, ẹ má jẹ́ kí ọmọ gorí pátákó. Ẹ̀yin àgbà, ẹ kúnlẹ̀ tí ó bá le. Ara yín ni afẹ́fẹ́ ń lò bí ìgbòkun.

Ẹ lè gúnlẹ̀ sí erékùṣù St Herbert's, ṣùgbọ́n ẹ má gúnlẹ̀ sí Derwent Island, ilé èèyàn wà níbẹ̀. Bí omi etí adágún bá ní ìfóòfó aláwọ̀ ewé bí ọ̀dà, ẹ má wọ̀ ọ́, ó máa ń mú inú ru, ara á sì máa yún. Kí ẹ tó gbé pátákó kúrò, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ da omi inú rẹ̀ nù, ẹ jẹ́ kó gbẹ: koríko omi kan tó wá láti New Zealand ti gbilẹ̀ níbẹ̀, gígé kékeré rẹ̀ lásán ti tó láti bẹ̀rẹ̀ sí hù nínú adágún mìíràn.

Àdùnní_Manchester

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ ò ní rí ogun omi o. Ṣé a nílò wetsuit, aṣọ rọ́bà tó ń mú ara gbóná nínú omi yẹn? Àti pé, ṣé ibi ìgbọ́kọ̀sí wà ní Hawse End? Ọkọ̀ méjì la fẹ́ gbé lọ.

Ọmọ_Ọ̀sà

Fún paddleboard ní oṣù karùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ yá a. Fún sísọ̀ kalẹ̀ nínú odò àárín àpáta, bíi Stoneycroft Ghyll, dandan ni, pẹ̀lú akoto àti ẹni tó mọ ọ̀nà. Ìyẹn gan-an, ẹ má ṣe é bí òjò bá rọ̀ lóru. Odò kékeré báyẹn máa ń kún láàárín wákàtí díẹ̀.

Gbọ́lá_Oníkẹ̀kẹ́

Ẹ má gbé ọkọ̀ lọ sí Hawse End. Ààyè ibẹ̀ ò ju ti ọkọ̀ díẹ̀ lọ, ọ̀nà rẹ̀ sì há débi pé ọkọ̀ méjì tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ lè dínà fún panápaná. Ìparí oṣù yẹn tún máa ń bọ́ sí ìsinmi ìjọba. Ẹ gbé ọkọ̀ sí Keswick, kí ẹ wọ Keswick Launch, ọkọ̀ ojú omi tó ń yí adágún ká. Èbúté méje ni: Keswick, Ashness Gate, Lodore, High Brandelhow, Low Brandelhow, Hawse End, Nichol End. Òmíràn ń gba apá ọ̀tún lọ, òmíràn apá òsì. Láàárọ̀, ẹ béèrè èyí tó ń kọ́kọ́ ya Nichol End, torí òun ló máa tètè gbé yín dé Hawse End. Èkejì á kọ́kọ́ gbé yín yí gbogbo adágún ká. Ẹ ya fọ́tò àkókò ọkọ̀ tó kẹ́yìn. Bó bá fi lè lọ mọ́ yín lọ́wọ́ ní High Brandelhow, ìrìn tó wákàtí méjì ló kù pẹ̀lú ọmọdé tó ti rẹ̀.

Bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ fi mọ́tò sílẹ̀ pátápátá, ọkọ̀ ojú irin ò dé Keswick mọ́ láti 1972. Ẹ sọ̀ ní Penrith, kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì X4 tàbí X5.

Ní ti màmá: ọkọ̀ yẹn náà, ìṣẹ́jú 50 ló fi ń yí adágún ká, wọ́n lè jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ fún wọn ní aṣọ ìbora, atẹ́gùn orí omi ń gún egungun. Láti èbúté Keswick, ọ̀nà tó tẹ́jú ló lọ sí Friar's Crag, kò jìnnà, ìjókòó sì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá lè rìn díẹ̀ sí i, ọ̀nà ojú irin àtijọ́ tó lọ sí Threlkeld tẹ́jú pẹrẹsẹ, ọ̀dà ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, kẹ̀kẹ́ arọ àti ti ọmọdé ń gbà á. Nǹkan bíi kìlómítà 5 ni. Ìjì Desmond ti oṣù kejìlá 2015 ló gbá àwọn afárá rẹ̀ lọ, oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n tún un ṣí. Ẹ ò ní láti rìn padà, X4 àti X5 máa ń dúró ní Threlkeld.

Ọ̀nà yẹn kan náà ni mo fẹ́ kí ọmọ ọdún mọ́kànlá fi kẹ̀kẹ́ gbà kó tó lọ sí igbó Whinlatter. Ní Whinlatter, àwọ̀ ni wọ́n fi ń sọ bí ọ̀nà ṣe le tó: Quercus jẹ́ búlúù, Altura jẹ́ pupa. Quercus tó fún un. Pupa ní òkúta àti kọ́nà tó ń yí lójijì. Kẹ̀kẹ́ tí ẹ bá yá, ẹ yẹ bíréèkì wò: nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ ọ̀tún ló ń di ẹsẹ̀ iwájú mú. Ẹni tó bá fi gbogbo agbára tẹ tọwọ́ ọ̀tún nìkan lórí ibi tó dà gẹrẹgẹrẹ á gba orí kẹ̀kẹ́ já bọ́. Ìka kan lórí ọwọ́ bíréèkì kọ̀ọ̀kan ti tó. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ rẹ ìjókòó sílẹ̀, kí ẹ gbé ìdí sẹ́yìn.

Agunkè_Leeds

Ẹ jẹ́ n ta ko ẹ̀yin náà lórí ètò ọjọ́. Ẹ má fi Catbells sọ́jọ́ kìíní tipátipá. Ẹ wo àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ orí òkè ní ìkànnì Weatherline lálẹ́ tó ṣáájú, kì í ṣe ti orí fóònù tó ń sọ nípa ìlú nìkan. Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀ ju èkejì lọ ni kí ẹ lo lórí omi, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù. Òkè lè fara da atẹ́gùn díẹ̀, pátákó ò lè fara dà á.

Ohun kan tí kò tíì sẹ́ni tó sọ: eégbọn. Inú ewéko gíga ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni wọ́n ń ba sí. Ẹ fi ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀ àwọn ọmọ. Lálẹ́, ẹ yẹ ẹ̀yìn orúnkún, abíyá, ìdí irun àti ẹ̀yìn etí wọn wò. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi ìkọ́ ìyọ-eégbọn mú un nítòsí awọ ara, ẹ yí i díẹ̀díẹ̀ títí á fi tú. Ẹ má fi iná jó o, ẹ má fi òróró pa á, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń pọ itọ́ rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Bí àmì pupa bá ń fẹ̀ sí i lójú ibẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i, ẹ gbé ọmọ lọ rí GP (dókítà àdúgbò yín), kí ẹ sì sọ fún wọn pé eégbọn jẹ ẹ́, àti ibi tó ti jẹ ẹ́.